Lẹ́tà Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ Sí Ìyá Àgbà

Ọdún tí iléeṣẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ìbàdàn kógbá sílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kíkọ jẹun. N kò jókòó gbèrò rẹ̀. Wọ́n pe gbogbo wa jọ lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní kí a má padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá mi jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mò ń lò lọ, nítorí ó ti gbó, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo gbé e lé itan nínú mọ́tò Mọ́níyà. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá aṣọ ni mò ń rán.

Yàrá méjì la ní ní Mọ́níyà nígbà náà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí kan tí kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń wo irú iṣu àti irú ẹ̀gẹ́ tó lè ṣe dáadáa. Òun ló ń kó bébà wá fún mi, àwọn tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí lójú kan tí wọ́n fẹ́ dànù. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí. Olóòtú ìwé ìròyìn kan sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ka ohun tí mo kọ nípa ọjà Mọ́níyà tán, òun yí ìwé náà padà, òun sì ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nípa àrùn ewé ẹ̀gẹ́. Ó ní òun kò lè sọ èyí tó dùn jù nínú méjèèjì.

Kò sí ohun tí n kì í kọ. Mo ń kọ àròkọ fún ìwé ìròyìn Yorùbá, mo ń kọ eré kéékèèké fún rédíò, mo ń kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìsìnkú. N kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ohun tí mo mú wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bí wọn kò bá fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń gbé iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Mo lè kọ ojú ìwé mẹ́fà, kí n wá bá ìdajì ojú ìwé kan lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ti gé orí rẹ̀, tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀, tí orúkọ mi kò sì sí níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo sunkún. Nígbà tó yá, mo kọ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù sí àárín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ṣòro jù fún mi. Ohun tó ṣòro ni pé ilé ni mo wà. Lójú àwọn ará àdúgbò wa, obìnrin tó bá wà nílé kò ní ohun tó ń ṣe. Ẹni tó sá èlùbọ́ á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi máa wojú òjò, tó bá ti ṣú, ẹ bá mi kó o." Ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná á ní kí n bá òun bu omi sí i. Ẹni tó ń retí àlejò á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ní mò ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wò mí, wọ́n á wo tábìlì, wọ́n á ní, "A mọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ráyè." Mo ti dìde rí láàárín gbólóhùn láti lọ kó èlùbọ́ ẹlẹ́lùbọ́, nígbà tí mo fi máa padà jókòó, n kò rántí ohun tí ọkùnrin inú eré náà fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí olóòtú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tó pè mí jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ń ronú, ó máa ń fi ìdí bírò ha irùngbọ̀n.

"Màdáàmù," ó ní, "àwọn òǹkàwé wa ń kọ lẹ́tà sí wa lórí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan máa dá wọn lóhùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A fẹ́ kó dà bíi pé ìyá àgbà kan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí."

"Ta ló fẹ́ rí yín?"

Bí mo ṣe di Ìyá Àgbà nìyẹn. Wọ́n ya àwòrán obìnrin arúgbó kan tó wé gèlè, tó fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n fi í sí òkè ojú ewé náà. Olóòtú ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ, òun ni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ dájú pé wọn yóò tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà mo mú un ní pàtàkì. Mo ń kọ "nígbà èwe mi" àti "láti ọjọ́ tí mo ti dáyé" bí ẹni pé eegun ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ láràárọ̀ títí oòrùn fi máa yọ, pé kí ni òun ṣe. Ọmọbìnrin kan kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún bàbá òun pé òun kò fẹ́ ṣe tíṣà mọ́. Mo ń dá wọn lóhùn bó ti yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gba àwọn lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà, mo sì ń kà wọ́n nínú mọ́tò bí mo ṣe ń padà bọ̀. Èyí tí mo ṣí ṣe ìkẹta, bébà tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà dára, ó dúró ṣánṣán bíi ti tíṣà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ìyá Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, opó ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣu. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé tẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà bọ́. Láti ìgbà náà kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ìdí tábìlì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń wò ó. Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé èmi ni. Bí mo bá ń kọ eré rédíò, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́nu kí n lè mọ̀ bóyá èèyàn gidi lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Ó ń kọjá lẹ́yìn mi, ó ń wò mí, kò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò fẹ́ dí mi lọ́wọ́ ni.

Mọ́tò gbé mi kọjá Mọ́níyà. Akínyẹlé ni mo tó mọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gun ọ̀kadà padà.

Àwọn aládùúgbò tó ń fi èlùbọ́ wọn sílẹ̀ fún mi kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí ni mo rò pé ó fẹ́ràn mi. Òun ló gbé àkọ́bí mi pọ̀n fún oṣù mẹ́ta gbáko. N kò mọ̀ pé ó ti lọ ń wá ẹni tó máa bá a dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo gbé oúnjẹ fún un, mo sì gbé lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó kà á, ó fi òkèlè sílẹ̀.

"Tíṣà abúlé wa ló kọ èyí," ó ní. "Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn fún wọn lábẹ́ igi ọsàn lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Jù ú nù. Lẹ́tà máa ń sọnù."

"Wọ́n ń retí èsì."

"Ìyá mi ni, ìwọ sì ni ìyàwó mi," ó ní. "N kò fẹ́ kí ìwé ìròyìn bá mi parí ọ̀rọ̀ ilé mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti jáde, mo jókòó, mo sì kọ èsì. Mo kọ ọ́ kíá, láìdúró. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi ìyàwó ọmọ yín lọ́rùn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ kì í ṣe àìṣiṣẹ́." Mo kà á sókè, ó dùn lẹ́nu mi. Bó ṣe dùn tó ló jẹ́ kí n fura sí i. Mo tún un kà, mo sì rí i pé kì í ṣe arúgbó kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èmi tí inú ń bí ni. Mo fà á ya. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi lẹ́tà náà sínú báàgì, mo wọ mọ́tò Ìjàyè.

Mo bá ìyá ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tó rí mi, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo kúnlẹ̀. "Kò sí, Màmá. Mo ní kí n wá wò yín ni."

Ó wojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ti àpótí kan sí ọ̀dọ̀ mi, ó fún mi ní ọ̀bẹ, a sì jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Ó wá bi mí léèrè.

"Ṣé o ń sùn dáadáa?"

"Mò ń sùn, Màmá."

"Orí kì í fọ́ ọ?"

"Rárá."

"Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ó ń wù ọ́ jẹ?"

Ìgbà náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí pé ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ bá mi jà. Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ ní kí tíṣà bá yín kọ̀wé sí Ìyá Àgbà inú ìwé ìròyìn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni Ìyá Àgbà yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí a máa ń rín fún ọmọdé. "Ìwọ kẹ̀? Arúgbó ni obìnrin yẹn. Mo rí àwòrán rẹ̀. Ẹni tó gbọ́n gan-an ni."

Mo mú lẹ́tà jáde, mo sì ń kà á fún un. Ó ń gbọ́, ojú rẹ̀ wà lára bébà náà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó wà níbí, Màmá."

"Ó lè wà níbẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wá sọ ohun tó sọ fún tíṣà fún mi. Ó ní òun ní àbúrò kan, ọkùnrin, àbúrò yìí nìkan ló kàwé nínú wọn. Ó ṣe akọ̀wé ní Ìbàdàn fún ọdún bíi mẹ́rin, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà wá sí abúlé. Ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú bébà lórí itan, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Bàbá wọn ní ọ̀lẹ ni. Gbogbo ilé ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ń lé e lọ sí oko láràárọ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ ọjà kan, ó mú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn pọ̀n, wọn kò sì rí i mọ́ títí di òní.

"Èmi náà dákẹ́," ó ní. "Èmi ni mo sì máa ń gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí mo rí ọ ní ìdí tábìlì yẹn, tí ò ń dá sọ̀rọ̀, àyà mi já. Mo sọ fún tíṣà pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìwọ náà ní ọ̀lẹ. Mo ní kí Ìyá Àgbà sọ ohun tí mo lè ṣe, kí n má tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ní ó ti gùn jù. Ó ní ìwé ìròyìn kì í gba ọ̀rọ̀ gígùn."

Mo mọ ohun tí tíṣà ṣe. Wọ́n ti ṣe é sí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí n kò rò rí ni pé wọ́n lè ṣe é sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa mi, kí n sì gba ìyókù gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún fún ìgbà díẹ̀, ó wá fa abọ́ ẹ̀gẹ́ kúrò níwájú mi.

"Àmọ́ bí ìwọ bá ni," ó ní lẹ́yìn náà, "kí ló dé tí o fi ń sọ pé arúgbó ni ọ́?"

"Olóòtú ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àwọn tó ń kọ̀wé sí ọ rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀."

Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í padà sínú báàgì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wá sí Mọ́níyà. Ó ní òun fẹ́ rí iṣẹ́ náà fúnra òun. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó jókòó. Mo ń tẹ̀wé, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tí mo yọ bébà, tí mo mú bírò tí mo sì ń fi ẹnu rẹ̀ tọ́ ọ níbí tọ́ ọ lọ́hùn-ún, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣà bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Àmì ni, Màmá. Àwọn òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ yìí, kò mọ àmì wa. Bí n kò bá fọwọ́ fi í sí i, ọ̀rọ̀ á yí padà."

"Báwo ló ṣe máa yí?"

"Obìnrin yìí ní wọ́n jí ọkọ́ òun gbé. Bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́ yìí, ẹlòmíì lè kà á sí ọkọ. Ẹlòmíì lè kà á sí ọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú. "Bí o bá gbàgbé, wọ́n á ní wọ́n ti jí baálé rẹ̀ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Fi sí i dáadáa," ó ní.

Ní ọ̀sán, aládùúgbò wa kan yọjú, ó ní kí n bá òun máa wo èlùbọ́ tí òun sá. Kí n tó dáhùn, ìyá ti dá a lóhùn. "Ó ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Èmi ni mo jókòó. Níbo lo sá a sí?" Obìnrin náà wò mí, ó wo ìyá, ó sì fi ọwọ́ hàn án. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ìyá fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn obìnrin náà máa ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó rẹ̀ mí, mo gbé orí lé tábìlì. Ìyá gbé omi fún mi. Ó ní òun ro oko lánàá láti àárọ̀, kò rẹ òun tó bó ṣe rẹ̀ mí yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì la jọ kọ èsì lẹ́tà náà. Mo ní kí ó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ, kí èmi máa kọ ọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A yọ orúkọ abúlé kúrò, a yọ ohun tí àwọn èèyàn lè fi mọ̀ wá kúrò, ìyókù dúró bó ṣe sọ ọ́. Ó ní kí n fi sí i pé bí ẹnì kan nínú ilé bá ń dá jókòó, kí wọ́n lọ jókòó tì í, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì ní sùúrù gbọ́ ọ. Ó ní ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè kò lè mọ̀.

Ó kún ojú ìwé mẹ́ta. Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olóòtú fi bírò ha irùngbọ̀n, ó ní, "Màdáàmù, àyè tí ẹ ní kò gba ìdajì èyí."

Mo ní, "Ọ̀gá, n kò bẹ̀ yín rí. Ẹ má gé èyí."

Ó kà á tán níwájú mi. Nígbà tó parí, ó kọ nǹkan sí òkè rẹ̀, ó sì fi í sórí àwọn tó ń lọ síbi ìtẹ̀wé. Ó yọ ìpolówó ọṣẹ kan kúrò nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà èmi àti ọkọ mi lọ sí abúlé. Tíṣà ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi ọsàn bó ṣe máa ń kà á, pẹ̀lú ohùn ìwàásù. Nígbà tó dé ibi tí ọmọkùnrin náà ti mú ọ̀nà pọ̀n, ohùn rẹ̀ rẹ̀lẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan sọ pé òun mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ìyá jókòó láàárín àwọn obìnrin yòókù, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Nígbà tí wọ́n tú ká, tíṣà wá bá a. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ìyá ní kí ó wá jẹun.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé èyí pọ̀ débi pé wọ́n fi àpò gàrí kó o fún mi. Láti ìgbà náà, n kì í dá dáhùn mọ́. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni ìyá máa ń wá, tàbí kí n gbé àwọn lẹ́tà tó le lọ bá a. Nígbà míì a kì í fẹnu kò. Ó rò pé mo máa ń yára dá àwọn ọkùnrin lẹ́bi. Èmi rò pé ó máa ń yára dárí jì wọ́n. Ohun tó bá jáde láàárín wa la máa ń tẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bébà ìtẹ̀wé ti wọ́n jù, wọ́n sì ń dín ojú ewé kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí kò fi sí mọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá, ó bi mí pé mélòó ni a kò tíì dá lóhùn. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Ó ní kí n mú wọn wá. A dá wọn lóhùn ní ọjọ́ méjì, lẹ́yìnkùlé rẹ̀, èmi lórí àpótí, òun lórí ẹní, mo sì fi èsì wọn ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn tó kọ̀wé. Méjì nínú wọn kọ̀wé padà.